Sófà tó máa tu màmá àgbà àtàwọn ìbejì lára: ẹ bá mi dá sí i kí n tó náwó

IyaIbeji_Arowomole:
Ẹ kú ojúmọ́ gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra sófà, orí mi ti dàrú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé tuntun wa ní Arówómọlé, nínú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni, pálọ̀ ṣì ṣófo, orí ẹní àti àga oníke la ń jókòó sí, àlejò ń wá, ojú ń tì mí. Bàbá ìbejì ní kí n mú èyí tó bá wù mí, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, tí wọ́n bá fi lè jókòó sí àga tó rì báyìí, àfi kí ẹni méjì fà wọ́n dìde. Àwọn ìbejì náà ti pé ọdún mẹ́ta, kò sí ohun tí wọn ò ní fò lé lórí. Mo ti ń wo fótò oríṣiríṣi lórí fóònù, èyí oní-L yẹn ló ń wù mí jù, aṣọ ẹ̀ funfun báláú. Àwọn kan ní kí n lọ sí Ìbàdàn, àwọn kan ní Ìlọrin ló sún mọ́ wa, bùrọ̀dá kan wá ní káfíńtà ìlú yìí lè ṣe èyí tó dáa ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ. Kí ni kí n máa wò? Kí ni mo fi máa mọ̀ pé á tuni lára títí lọ, tí kì í ṣe ọjọ́ tí a gbé e dé nìkan? Pálọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 14.

OmoTakie:
Funfun kẹ̀? Pẹ̀lú ìbejì? Nínú Ògbómọ̀ṣọ́ tí máńgòrò pọ̀ sí yìí? Àǹtí, ẹ rọra o 😂

Fisio_Agba:
Ẹ kú àlejò ilé tuntun, Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á jẹ́ kó tù yín lára. Iṣẹ́ ẹ̀yìn dídùn àti orúnkún ríro ni mò ń ṣe ní ọsibítù, torí náà ọ̀rọ̀ màmá ni màá kọ́kọ́ mú. Ẹ pa ti àwọ̀ tì ná, ẹ wá tépù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ. Ohun àkọ́kọ́ ni bí ìjókòó ṣe ga tó láti ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ sófà tí wọ́n ń tà, ínṣì 16 sí 18 ni, èyí dáa fún ẹ̀yin tí ara yín ṣì le, ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, ínṣì 18 sí 20 ló máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí tí ìdí bá ga ju orúnkún lọ díẹ̀, kì í gba agbára púpọ̀ kéèyàn tó dìde. Kó má kàn ga débi tí ẹsẹ̀ wọn ò ní kan ilẹ̀ o, ẹsẹ̀ tó bá ń rọ̀ dirodiro máa ń wú. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa, ẹ má wọn sófà nígbà tí kò sẹ́nì kan lórí ẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó lé e kí ẹlòmíì wọn ọ́n, torí èyí tí wọ́n pè ní ínṣì 18 nínú ṣọ́ọ̀bù lè rì di 14 tí ìdí bá ti kàn án, ibẹ̀ gan-an ni ìyà màmá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni bí ó ṣe jìn sí, láti ibi ẹ̀yìn dé etí iwájú. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín kan àga dáadáa, kí ẹ wá ki ọwọ́ bọ àárín etí àga àti ẹ̀yìn orúnkún, ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè wọ ibẹ̀. Ínṣì 20 sí 22 tó fún ọ̀pọ̀ wa. Àwọn oní-L tó lòde báyìí máa ń jìn gan-an, òmíì tó ínṣì 26, wọ́n ṣe é fún kéèyàn nà gbalaja máa wo fíìmù ni, ẹni tí ò ga tó bá jókòó síbẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá kan ilẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní kan àga, bí ẹ̀yìn bá kan àga, ẹsẹ̀ á nà jáde bíi tọmọdé.

Ẹ̀kẹta ni ibi ìgbápálé. Ó gbọ́dọ̀ le, kó sì gùn dé iwájú, torí òun ni màmá máa fọwọ́ tì kí wọ́n tó dìde. Oní-L yẹn ò ní ìgbápálé láàárín. Èmi ò ní kí ẹ má rà á o, ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ ra àga ẹlẹ́nìkan kan sí i fún màmá, kó ga, kó le, kó ní apá méjèèjì, kí ìyókù pálọ̀ wá rí bó ṣe wù yín.

IyaIbeji_Arowomole:
Ẹ ṣé gan-an ni sà. Àga tiwọn lọ́tọ̀, ṣé kò ní dà bíi pé mo ya ìyá ọkọ mi sọ́tọ̀? Ẹ mọ ìlú wa, wọ́n á ti ní ìyàwó ò fẹ́ kí ìyá jókòó sórí sófà òun.

Alagba_OkeElerin:
Ìyàsọ́tọ̀ wo, ìyàwó wa? Àga ọlá ni. Ní ilé tí wọ́n bí mi sí, ta ló tó jókòó sórí àga bàbá? Bí bàbá ò sí nílé gan-an, a kàn ń nù ún ni. Ẹ gbé ti màmá síbi tí wọ́n á ti máa rí ẹnu ọ̀nà, kí atẹ́gùn fèrèsé máa fẹ́ sí wọn, kí wọ́n máa rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, ẹ ó rí i pé àwọn fúnra wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀.

Kafinta_Sabo:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Iṣẹ́ àga ni mò ń ṣe, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀, fisíò ti sọ òtítọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti inú ẹ̀ fún yín. Ohun tí kọsitọ́mà ò rí ló ń ba sófà jẹ́. Aṣọ lẹ̀ ń rí, fóòmù lẹ̀ ń tẹ̀, igi tó gbé gbogbo ẹ̀ dúró, ẹ ò rí i. Tí igi bá ṣì tutù nígbà tí wọ́n kàn án pọ̀, tó bá wá gbẹ tán nínú ilé yín nígbà ọyẹ́, á sún kì, ojú oríkèé á tú, ẹ ó máa gbọ́ kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ nígbàkigbà tẹ́nì kan bá yí ìdí. Wọn á ní ẹni tó jókòó ló sanra, irọ́ ni, igi ni ò gbẹ.

Igi ò dọ́gba. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, kò wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi kún inú sófà ọjà, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, tí kòkòrò bá ti wọnú ẹ̀, ẹ ó máa rí ìyẹ̀fun lábẹ́ sófà láràárọ̀ bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ síbẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má lo arère rárá, kò burú níbi tí ò gbé ẹrù. Ẹsẹ̀, abẹ́ ìjókòó àti ibi ìgbápálé gbọ́dọ̀ jẹ́ igi tó gbó, bíi ìrókò, ọ̀gànwó, igi apá, kódà afàrà dáa tó bá ti gbẹ tí wọ́n sì fi oògùn kòkòrò kùn ún kí wọ́n tó kàn án. Solignum lọ̀pọ̀ wa ń lò, ó máa ń rùn, torí náà kí wọ́n kùn ún kó gbẹ kí fóòmù tó gun orí ẹ̀. Ilé tuntun máa ń ní ikán, Ìyá Ìbejì, ẹ má fojú kéré ẹ̀.

Báyìí lẹ ṣe máa dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n tiẹ̀ ń bínú. Ẹ di ẹsẹ̀ iwájú kan mú, ẹ gbé e sókè tó bí ínṣì 6. Tí ẹsẹ̀ iwájú kejì náà bá tẹ̀ lé e kúrò nílẹ̀, férémù le. Tó bá ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń lọ́ nìyẹn, ẹ kí wọn ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí wọ́n dojú ẹ̀ dé, kí wọ́n ṣí aṣọ dúdú abẹ́ ẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé ìṣó lásán ni, àbí wọ́n fi igi kékeré kún un, tí gọ́ọ̀mù àti súkúrúù sì wà níbẹ̀. Ẹ wo ohun tó gbé fóòmù: wáyà sípíríǹgì tó ṣe wọ́gọwọ̀gọ dáa, rọ́bà fífẹ̀ tí wọ́n hun pọ̀ tí wọ́n fà le dáa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àpò ìrẹsì nìkan ni wọ́n kàn mọ́ ọn, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa jókòó nínú kòtò. Èmi ti tú sófà aláràbarà kan tó wá láti ìlú ńlá rí, páálí kátọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe ibi ìgbápálé ẹ̀.

Alhaja_Waso:
Hmm, Káfíńtà, ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ti àwọn ẹgbẹ́ yín tó ń gbowó sá. Ẹni tí mo gbé ti èmi fún, Iléyá ló dá fún mi, Kérésì la ṣì ń wá a, tí mo bá pè á, á ní Alhaja, fóòmù ló kù. Fóòmù wo? Ìgbà tí mo débẹ̀, kò tíì ra igi! Ìyá Ìbejì, ẹ lọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra èyí tó ti wà nílẹ̀, ẹ sanwó, ẹ gbé e lọ, ó parí.

Kafinta_Sabo:
Alhaja, ẹ má bínú, ẹ bá wa foríjì í, gbogbo wa kọ́ la rí bẹ́ẹ̀ o 😂 Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ó wà láàárín wa. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí ò mọ káfíńtà kankan ni pé kí wọ́n má kówó iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá a lọ sí sọ́míìlì, ẹ san owó igi níbẹ̀, kí igi wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lójú yín. Tó bá kan férémù tán, kó pè yín kó tó fi fóòmù lé e. Ẹ wá wo eegun ẹ̀ kí aṣọ tó bò ó, ẹ jókòó lórí igi yẹn, ẹ mì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ bí mo ṣe wí. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá san ti fóòmù àti aṣọ. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ọjọ́ tó bá gbé e wọlé. Káfíńtà tó bá kọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ rí férémù, ẹ ti mọ ohun tó ń fi pamọ́. Ohun tí ẹ ò lè rí nínú ti ṣọ́ọ̀bù gan-an nìyẹn, torí wọ́n ti dà aṣọ bò ó tán.

Alhaja_Waso:
Ká ní mo ti mọ̀ ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

FoomuDotCom:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti fóòmù torí òun ni mò ń tà. Àwọn èèyàn á wá, wọ́n á ní ẹ fún mi ní fóòmù tó le. Líle nìkan ò tó, ẹ béèrè bó ṣe wúwo tó, kílò mélòó ló wà nínú mítà kan ní gígùn, ìbú àti gíga, òun ni wọ́n ń pè ní dẹ́ńsítì. Fóòmù fúyẹ́fúyẹ́ lè le lónìí, kó rọ̀ jọ̀ọ̀ kí ọdún tó yí po. Ti ìjókòó, ẹ má gba èyí tí ò tó 30, ti ẹ̀yìn lè jẹ́ 20 tàbí kó lé díẹ̀ torí ẹ̀yìn ò gbé ẹrù tó ìdí. Kó nípọn tó ínṣì 5 tàbí 6. Ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara yín, ẹ ò gbọdọ̀ fara kan igi lábẹ́, tí ẹ bá gbé orúnkún kúrò, kó tètè padà sáyè ẹ̀. Ẹ wo ara ẹ̀ fún orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kí káfíńtà tó gé e, Vitafoam wà ní Nàìjíríà láti 1962, Mouka náà wà ńlẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gé e tán kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá mọ́. Ẹ má sì gba fóòmù gígé tí wọ́n rún sínú àpò fún ibi ìjókòó láéláé, ẹ̀yìn ni wọ́n ń lò ó fún, ìyẹn gan-an á máa ṣe kókókókó tó bá yá.

Èyí tó bá tu ara jù ni kí wọ́n fi èyí tó le sísàlẹ̀, kí wọ́n wá fi ínṣì kan tó rọ̀ lé e lórí. Ara á kọ́kọ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ìdí ò ní rì. Kí ìjókòó ẹ̀ náà ṣeé yọ, kí ojú méjèèjì ṣeé lò, kí ẹ lè máa yí i padà lóṣooṣù, torí gbogbo ilé ló ní ibi kan tí bàbá máa ń jókòó sí wo bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀.

Fisio_Agba:
Ẹ gbà mí láyè kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún ti fóòmù. Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jókòó bí àlejò tó fẹ́ tètè lọ. Ẹ jókòó tó ìṣẹ́jú 15, ẹ fẹ̀yìn tì í, ẹ tẹ fóònù, ẹ ṣe bí ẹni wà nílé. Ohun tó bá máa dun ẹ̀yìn kì í dun ún ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Mummy_Telo:
Ọ̀rọ̀ aṣọ kàn mí. Lẹ́dà lẹwà o, ṣùgbọ́n ẹ rántí ooru wa. Oṣù kẹta báyìí tí wọ́n bá múná lọ tí fáànù dúró, itan yín á lẹ̀ mọ́ ọn, tí ẹ bá dìde á dún fààà. Èyí tó pọ̀ lọ́jà sì kọ́ ni awọ ẹran, rọ́bà tí wọ́n kùn lórí aṣọ ni, tí oòrùn bá ń ti fèrèsé wọlé sí i lára, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó fọ́ọ́lífọ́ọ́lí, kò sì sí àtúnṣe fún un ju kí ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun lọ. Ohun kan tó fi dáa ni pé tí ọmọ bá da ọbẹ̀ sí i, ẹ ó kàn nù ún kúrò.

Aṣọ ló tutù jù. Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ń wu ojú ṣùgbọ́n gbogbo eruku ọyẹ́ ló máa ń gbà mọ́ra, ẹ ó máa bá a jà lójoojúmọ́. Ẹ wá aṣọ tó nípọn tó sì hun mọ́ra, ẹ nà án sí ìmọ́lẹ̀, tí ẹ bá rí ọwọ́ yín lódìkejì, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi èékánná ha á, tí òwú bá jáde àwọn ìbejì á tú u tán. Àwọ̀ eérú tó dúdú díẹ̀, búráùn, tàbí èyí tó ní àmì wínníwínní lára, òun ló máa ń bo àṣírí. Gbogbo ibi ìjókòó àti ibi ẹ̀yìn kó ní sípì kí ẹ lè bọ́ ọ fọ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kí télọ̀ rẹ aṣọ náà sómi kó tó gé e, kó má lọ sún kì lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ kó má tún wọ fóòmù mọ́. Tí owó bá wà, ẹ rán ìpààrọ̀ kan mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ lè máà rí irú àwọ̀ yẹn mọ́ lọ́jà.

Epo pupa tó bá ta sí i, ẹ má fi omi kàn án lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ da páúdà lé e, kó fa epo mu, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kó tó kan ọṣẹ. Ìtọ̀ ọmọ náà, ẹ má da omi lé fóòmù, kì í tètè gbẹ nínú, òórùn ẹ̀ á kàn dì síbẹ̀ ni, aṣọ inúra gbígbẹ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ kó fà á mu, kí ẹ sì gbé e síta sí atẹ́gùn.

OmoOyo_Akesan:
Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ẹ kú ìjíròrò. Gbogbo yín ń sọ sófà sófà, kò sẹ́ni tó rántí tìmùtìmù. Ẹ wá sí Ọ̀yọ́ níbí, ẹ lọ bá àwọn oníṣẹ́ awọ, ẹ ra tìmùtìmù méjì tàbí mẹ́ta, awọ gidi, wọ́n ti fi awọ pupa, dúdú àti funfun ṣe ọnà sí i lára. Àlejò pọ̀, ẹ fà á jáde. Àlejò lọ, ẹ tì í sábẹ́ tábìlì. Àwọn ìbejì á máa fò lé e dípò sófà olówó gọbọi. Èmi ò mọ ìdí tí a fi ń kó gbogbo owó lé àga ńlá méje tí ò sẹ́ni tó ń jókòó lé mẹ́rin nínú ẹ̀.

OmoTakie:
Ọmọ Ọ̀yọ́, kò sí ibi tí ẹ ò ní ti polówó ìlú yín 😂

OmoOyo_Akesan:
Ẹni bá ní ọjà tó dáa ló ń polówó. Ẹ̀yin ẹ polówó máńgòrò yín.

Fisio_Agba:
Tìmùtìmù dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀ láti gbé ẹsẹ̀ lé. Màmá ni kí wọ́n má jókòó lé e, ó ti wálẹ̀ jù, kò sì ní ohun tí wọ́n á fọwọ́ dì mú.

UnderG_Boy:
Ẹ̀gbọ́n, sẹ́lífùkọ̀n lèmi ń gbé ní Under G o, sófà èèyàn méjì gba ìdajì yàrá. Mo fẹ́ ra tòkúnbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣíwọ́ iléèwé ní LAUTECH, kí ni mo máa wò?

Mummy_Telo:
Ìdun, àbúrò, ìdun! Lọ́sàn-án ni kó o lọ wò ó, tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo ojú rírán àti abẹ́ ẹ̀, tó o bá rí àmì dúdú tíntìntín, má tiẹ̀ jókòó lé e. Gbóòórùn ẹ̀ pẹ̀lú. Tí igi bá dáa, fóòmù àti aṣọ ṣeé pààrọ̀, o lè fi ìyẹn já owó ẹ̀ wálẹ̀.

Dreba_Akeru:
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń gbé e sọ tèmi. Ìlọrin ò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 àti díẹ̀ lọ sí wa, Ìbàdàn tó ìlọ́po méjì ẹ̀, owó ọkọ̀ ò lè jẹ́ ìkan náà, ìjàǹbá tó lè ṣe sófà lójú ọ̀nà náà ò dọ́gba. Okùn tí wọ́n bá fi dè é máa ń gé ibi ìgbápálé, ẹ kó aṣọ àtijọ́ tàbí páálí dání kí wọ́n fi sábẹ́ okùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró nínú ọkọ̀, kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ ẹ̀ tó bá ṣeé yọ. Tápólì pẹ̀lú, òjò kì í ránṣẹ́.

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé sófà á dé ẹnu ọ̀nà, kò ní wọlé! Ẹ̀ẹ̀mélòó la ti gba ojú fèrèsé, tí a ní láti tú búgúlárì. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tí ẹ bá yọ férémù ẹ̀ àti ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀ tí ò ṣí tán, ó lè má ju ínṣì 32 lọ. Ẹ wọn ibi tó ṣófo gan-an, ẹ wọn kọ̀rídọ̀ náà àti ibi tó bá ti yà.

IyaIbeji_Arowomole:
Áà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wọn ọ́n ni, ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wa, ínṣì 33 ló kù. Oní-L tí mo ń wò yẹn, wọ́n kọ ínṣì 38 sí i fún ìbú ẹ̀, gíga ẹ̀ náà 36. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?

Kafinta_Sabo:
Kò bọ́. Tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n ṣe oní-L ní ọ̀nà méjì, kí wọ́n fi irin ìkọ́ so ó pọ̀ nínú ilé, kí ẹ̀yìn ẹ̀ náà jẹ́ èyí tí wọ́n máa fi bóòtì dè lẹ́yìn tó bá wọlé. Ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè bóyá ẹ̀yìn ẹ̀ ṣeé yọ. Tí kò bá ṣeé yọ, ẹ wo gíga ẹ̀ láìsí ẹsẹ̀: tí ẹsẹ̀ bá tó ínṣì 4 tó sì ṣeé yọ, 36 di 32, wọ́n á lè dá a dùbúlẹ̀ kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Kí ẹ tó pinnu oní-L ṣáá, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ ya ìwọ̀n ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀. Àárín sófà àti tábìlì kó tó ínṣì 18, ibi tí èèyàn á máa gbà kọjá kó tó 30, màmá lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀pá lọ́jọ́ iwájú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa yí gba ẹ̀gbẹ́. Lójú tèmi, nínú 12 ní 14, sófà ẹlẹ́ni mẹ́ta tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ẹlẹ́ni méjì kan, àti àga màmá, ti kún un. Oní-L tún máa gba ibi tí àwọn ìbejì ì bá ti máa sáré.

IyaIbeji_Arowomole:
Mo ti ya á sílẹ̀ o, òótọ́ lẹ sọ, oní-L dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Bàbá ìbejì rẹ́rìn-ín títí. Mo ti fara mọ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta àti ẹlẹ́ni méjì, àwọ̀ eérú, pẹ̀lú sípì. Àga màmá á jẹ́ ínṣì 19 tí wọ́n bá jókòó lé e. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni màá ti ṣe é, n óò lọ wo férémù bí ẹ ṣe sọ.

Fisio_Agba:
Kí màmá fúnra wọn jókòó lé férémù náà, kí wọ́n fi pákó àti fóòmù lé e fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gùn ṣeé gé, èyí tó kúrú ò ṣeé fà.

Olumide_Caretaker:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni o. Èló ni irú èyí máa jẹ́ báyìí? Kò sẹ́ni tó kọ iye sílẹ̀ látòkè.

FoomuDotCom:
Ẹ̀gbọ́n, iye tí mo bá kọ síbí lónìí lè má rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, owó fóòmù ò dúró lójú kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá iye kan ṣoṣo lé gbogbo ẹ̀ fún yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: igi, fóòmù àti dẹ́ńsítì ẹ̀, aṣọ àti iye yáàdì, sípíríǹgì tàbí rọ́bà, iṣẹ́ ọwọ́, ọkọ̀. Ẹ gba irú ìwé yẹn lọ́wọ́ káfíńtà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbé wọn síra wọn, ibi tí ti ẹnì kan bá ti já wálẹ̀ jù, ẹ bi í léèrè ohun tó yọ níbẹ̀.